Bí Mo Ṣe Gbé Dàbínù Kan Kọjá Bodè Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará Ìkòsì, ẹ̀yin ará Kétu, pàápàá ẹ̀yin aláta ẹlẹgbẹ́ mi ní Mile 12 tẹ́ ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé "Ìyá Sẹ̀kí, Gánà ńkọ́?", ẹnu mi ti fẹ́ bó. Bí mo bá sọ ọ́ tán fún aláta, alálùbọ́sà á ní òun ò sí níbẹ̀. Bí mo bá tún un sọ fún alálùbọ́sà, onítòmátì á ní ti àná kọ́ nìyí. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ nìyẹn. Pírámárì mẹ́fà ni mo kà, kò sì sẹ́ni tó máa fi ìyẹn bú mi, torí ẹni tó bá fẹ́ fi bú mi mọ̀ pé mo máa fèsì.

Orin tí wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí lé lórí

Sẹ̀kínátù, ọmọ mi kejì, ló fà á. Ó kàwé jáde ní yunifásítì níbí, mo pa adìẹ, mo rò pé ó parí. Ó ní ó ku òmíràn lórí ẹ̀. Ó ní ìmọ̀ orin lòun fẹ́ lọ gba másításì nínú ẹ̀, ní yunifásítì kan ní Gánà, ní ìlú àwọn apẹja kan létí òkun. Orin o! Nígbà tí mo sọ ọ́ lọ́jà, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí. Ìyá Bàṣírù tó ń ta tàtàṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Wọ́n ń kọ́ orin ní yunifásítì? Bí wọ́n bá ti ń ka oúnjẹ jíjẹ náà níbẹ̀, kí wọ́n pe èmi." Mo ní wọn ò lè pè é fún ìyẹn, torí ẹni tó bá ń jẹun bíi tiẹ̀, tíṣà ni, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti pinnu: ọmọ yìí máa ka orin náà dé ibi tí orin bá parí sí.

Ohun tó tún pa wá lẹ́rìn-ín ni pé orin tiwa ló gbé lọ kọ́ níbẹ̀. Wákà tí àwa obìnrin àsàlátù ń kọ lọ́jọ́ Àìkú ní Ìkòsì, tí à ń pàtẹ́wọ́ sí, òun ló fi ń ṣe ìwádìí. Ó wálé, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú wa, ó ń gba ohùn wa sílẹ̀. Àlájà Mọ̀rínátù, alálùbọ́sà, àwọn ló ń dá orin fún wa. Sẹ̀kí ń tẹ̀ lé wọn kiri bí òjìji.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ wá. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan ló ń dá orin, àwa yòókù là ń gbè é. Elégbè ni èmi, láti ìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó tuntun. Elégbè kì í sì í ṣàdédé gbé orin sẹ́nu dá. Ẹni tó bá máa dá a, Àlájà gbọ́dọ̀ fi dàbínù kan ránṣẹ́ sí ẹnu ẹ̀, kó jẹ ẹ́ lójú èèyàn kó tó lanu. Bí ìyá tó kọ́ Àlájà lórin ṣe ṣe é fún wọn nìyẹn. Látìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tí Àlájà fún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Sẹ̀kí pè mí lórí fóònù. Ohùn ẹ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀.

"Mọ́mì, àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ mi wò ní àwọn fẹ́ kí àwọn tó ni orin wá kọ ọ́ níwájú àwọn. Wọ́n ní ìwé nìkan ò tó."

"Àlájà ń bọ̀ nìyẹn."

"Àlájà ní orúnkún àwọn ò lè jókòó nínú mọ́tò tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kankan ò bá wá, wọ́n á sún mi sí ọdún tó ń bọ̀. Àwọn tó ń sanwó ẹ̀kọ́ mi ò sì ní san ti ọdún mìíràn. Ibi tí mo kà á dé nìyẹn, Mọ́mì."

Ata wà níwájú mi, oníbàárà ń fọwọ́ gbá mi léjìká. Mo ní, "Mò ń bọ̀."

"Mọ́mì, elégbè lẹ̀yin."

"Mo ní mò ń bọ̀. Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé mò ń bọ̀ wá dá orin?"

Mo gba ilé Àlájà lọ. Wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n ń fi òrí pa orúnkún. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n ní:

"Ìyá Sẹ̀kí, ẹnu ẹ mú, ṣùgbọ́n ohùn ẹ, ohùn ègbè ni. Má lọ dá orin mi fún wọn o."

Mo ní mi ò ní dá a. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ike kan, wọ́n mú dàbínù kan ṣoṣo, wọ́n wé e sínú ọ̀rá, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Ẹni tó o bá rí lọ́hùn-ún tí ohùn ẹ̀ gba ègbè ẹ, fún un kó jẹ ẹ́."

"Ní Gánà, Àlájà? Ta ni mo mọ̀ ní Gánà?"

"Ṣebí ìwọ lo ní ò ń lọ," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí orúnkún wọn.

Bodè

Mo so dàbínù mọ́ igun gèlè mi. Mo di ata rodo gbígbẹ kún Gánà-mọ́sì-gó, torí èmi ò lè ru ọwọ́ òfìfo lọ sí ìlú kan kí n máa pe ara mi ní oníṣòwò.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò yọ yín lẹ́nu. Mọ́tò ni mọ́tò. Ní Sẹ̀mẹ́, aṣọ́bodè kan tí ikùn ẹ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa kí òun fúnra ẹ̀ tó dé ní kí n tú báàgì. Mo ní, "Ọ̀gá, ata ni o." Ó ní gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé ata ni. Ó ti orí bọ báàgì. Ẹ̀yin ará mi, rodo gbígbẹ kì í bá èèyàn ṣàwàdà. Ó sín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. Omijé ń dà wọ̀ọ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ ló fi ń lé wa pé ká máa lọ. Wọn ò yẹ ẹrù ẹnikẹ́ni wò mọ́ nínú mọ́tò wa, gbogbo èrò sì di ọmọ mi lójijì. Mọ́mì níhìn-ín, Mọ́mì lọ́hùn-ún.

Ní Kútọnu, àwọn ọlọ́kadà wọn wọ aṣọ aláwọ̀ kan náà bí ọmọ iléèwé, wọ́n sì ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò létí títì bí ẹni ń ta òróró. Mo gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Obìnrin kan kí mi, mo kí i padà, ó tún kí mi, mo tún kí i padà. Ó kí ilé, ó kí ọ̀nà, ó kí ẹsẹ̀ mi. Mo ní èyí náà kúkú jù wá lọ níbi ìkíni, kí n yáa wọ mọ́tò.

Bodè tó tẹ̀ lé e, ibi tí wọ́n ti ń wọ Tógò, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ gba ẹ̀mí mi. Géńdé aṣọ́bodè kan rí kókó tó wà ní igun gèlè mi. Ó rò pé wúrà ni. Faransé ló ń sọ, mo ń fi Yorùbá dá a lóhùn, ọ̀kan nínú èrò wa ń túmọ̀. Wọ́n ní kí n tú u. Mo tú u. Dàbínù kan já bọ́ sórí tábìlì.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Géńdé náà mú un, ó ń fi yí lọ́wọ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun jẹ ẹ́.

Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ kọrin. Ó ní ìyẹn náà ò le. Ó gbẹ́nu sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Faransé kan níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí epo ti fẹ́ tán nínú ẹ̀, bó ṣe ń dún gan-an nìyẹn. Mo fara balẹ̀, mo gbọ́ ọ tán, mo sì na ọwọ́.

"Sọ fún un pé mo dúpẹ́. Kò yege."

Àwọn ọ̀gá ẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kí òun náà tó rẹ́rìn-ín. Ó dá dàbínù mi padà. Láti ibẹ̀ lọ, abẹ́ kọ́sẹ̀ẹ̀tì mi ló wà.

Wọ́n mọ̀ mí kí n tó dé

Bodè kẹta la kọjá tán, a bọ́ sí Gánà. Àkrà ò pariwo, ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Èmi tí ariwo tirélà àlùbọ́sà ń jí lójoojúmọ́, mo rò pé èèyàn ńlá kan ló kú. Wọn ò sì lè sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan kí wọ́n má fi "ẹ jọ̀ọ́" síwájú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ná ẹja díndín lọ́wọ́ obìnrin kan, mo já iye tó pè sí ìdajì bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá tó bí i. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ." Ṣé ẹ rí i? Nílé, tí wọ́n bá fẹ́ lé èèyàn, wọ́n á lé e. Lọ́hùn-ún, wọ́n á kọ́kọ́ bẹ̀ ọ́.

Mo ra kẹ́ńkè. Ẹ̀kọ ni, ẹ jẹ́ ká má purọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó ń bínú ni: ó kan, ó le, háhá àgbàdo ni wọ́n fi wé e. Bí ebi ò bá pa ọ́ dáadáa, á nà ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n bu ata dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ṣítọ̀, tí wọ́n fi edé àti ẹja gbígbẹ din títí ó fi dúdú bí ọ̀dà. Ẹ̀yin aláta, ẹ máà bínú sí mi. Ata yẹn dára. Mo ti ń gbìyànjú ẹ̀ látìgbà tí mo ti dé, ọkọ mi ní kí n jọ̀wọ́ kí n fi òun sílẹ̀.

Obìnrin tó tà á fún mi wá pè mí ní "Aláta." Ta ló sọ fún un? Mo gbóòórùn ọwọ́ mi. Ọkùnrin kan tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀, ló ń fi mí rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, gbogbo Yorùbá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí. Àwọn ìyá wa tó kọ́kọ́ wá, ata ni wọ́n ń tà. Ọṣẹ dúdú wa pàápàá, ọṣẹ Aláta ni wọ́n ń pè é."

Mo tún ìjókòó mi ṣe. Ó dà bí ẹni pé àwọn ìyá kan ti gbé àpótí kalẹ̀ fi gba àyè dè mí láti ọjọ́ pípẹ́. Ata tí mo rù wá, ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni mo tà á sí lójú ẹsẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́, a jọ bẹ ara wa títí ọjà fi tà.

Omi ṣáájú ọ̀rọ̀

Láti Àkrà, mo wọ mọ́tò mìíràn dé ìlú àwọn apẹja náà. Sẹ̀kí dúró dè mí lẹ́nu géètì yunifásítì. Ó ti rù. Ó dì mọ́ mi, ó wo báàgì mi.

"Mọ́mì! Gánà-mọ́sì-gó, ní Gánà?"

"Kí lo fẹ́ kí n fi ru ata? Bíríìfù-kéèsì?"

Ibẹ̀ dára o. Ilé ìkọ́rin wọn wà lórí òkè, òkun wà nísàlẹ̀. Dùùrù ń dún látinú fèrèsé kan, ẹnì kan ń fọn fèrè nínú òmíràn, ẹnì kẹta ń lọgun lókè pátápátá, kò sì sẹ́ni tó bá ẹnì kejì jà. Bàbá kan tó ti hewú jókòó lábẹ́ igi, ó ń lu agogo kan. Á lù ú, á dúró, á kọ nǹkan sílẹ̀, á tún lù ú. Sẹ̀kí ní akẹ́kọ̀ọ́ ni bàbá náà, pé tí wọ́n bá parí, dókítà ni wọ́n máa jẹ́. Mo ní, "Dókítà! Aláìsàn wo ni wọ́n máa gbé agogo yẹn tọ̀?" Ó ní kí n rọra.

Ó mú mi lọ sílé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ́fúà, obìnrin tó ń tọ́ iṣẹ́ ẹ̀ sọ́nà. Àgbà ni wọ́n, wọ́n kúrú, bàtà ẹsẹ̀ wọn rí bíi ti ẹni tó ń ti oko bọ̀. Mi ò tíì jókòó tí mo ti fi broken mi bẹ̀rẹ̀: mo ti dé o, elégbè ni mí, mi ò ní dá orin, ọjọ́ wo ni, kí ló kù? Èèyàn Mile 12 ni mí, tí o ò bá tètè sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn á gba oníbàárà ẹ. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fi àga hàn mí. Wọ́n gbé omi wá. Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Sẹ̀kí fi èékánná há mi lápá.

"Ẹ mu ún, Mọ́mì."

Mo mu ún. Wọ́n béèrè ara mi, wọ́n béèrè ọ̀nà, wọ́n béèrè ará ilé. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀ tán, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ bá wá?"

Mo kọjú sí Sẹ̀kí. "Ṣé etí ń dùn wọ́n ni?"

"Wọ́n gbọ́ yín, Mọ́mì. Níbí, ọ̀rọ̀ tí àlejò bá sọ kó tó mu omi, wọn kì í kà á. Omi lẹ máa mu kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀."

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ariwo mi, wọ́n ti fi kọ́ọ̀pù omi kan nù ún kúrò. Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo tú ọ̀rọ̀ dàbínù náà sílẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Àlájà ni àṣẹ, àwọn ò sì ní bá mi rú u. Wọ́n ní ṣebí ohùn Àlájà wà nínú ẹ̀rọ tí Sẹ̀kí gbà sílẹ̀: kí ẹ̀rọ dá orin, kí èmi gbè é. Sẹ̀kí mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ní ó dáa, torí mi ò rí nǹkan mìíràn wí. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ mi, ojú náà yára jù láti gbà.

Ohùn tó ní ó ti kú

Nígbà tó ku àwa méjèèjì ní yàrá ẹ̀, mo bi í.

"Ìwọ ńkọ́? Abẹ́ bẹ́ǹṣì àsàlátù wa lo dàgbà sí. O mọ orin yẹn kí o tó mọ àlùwàlá."

"Mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé, Mọ́mì. Ọ̀fun mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ó ní ní yunifásítì àkọ́kọ́, ẹni tó kọ́ wọn ní ohùn sọ fún un pé ohùn wákà tó ń ti ọ̀fun jáde, ohùn tó ti bàjẹ́ ni, kó gbàgbé ẹ̀. Ọdún bíi mélòó kan ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu roboto kọ orin òyìnbó. Mo ní kó kọ díẹ̀ nínú ẹ̀. Ó kọ ọ́. Mi ò lè purọ́, ó dùn, ó mọ́ bí omi tí wọ́n dà sínú gíláàsì. Ṣùgbọ́n kò síbi tí elégbè lè fẹsẹ̀ lé lórí ẹ̀. Ó ń yọ̀ bí ilẹ̀ tí òróró dà sí.

"Kọ tiwa."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún ọ̀fun ṣe, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Ojú ẹ̀ ti kún fómi.

"Ó ti kú, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká lo ẹ̀rọ. Tó bá tún bàjẹ́ níwájú wọn, mo gbé nìyẹn."

Mo ní kò burú. Òun ló ń kàwé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń lọ, mo mú dàbínù kúrò níbi tó wà, mo so ó padà mọ́ igun gèlè mi. Bodè mẹ́ta ò gbà á lọ́wọ́ mi. Mi ò ní wá fi sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Gbọ̀ngàn

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lẹ́yìn. Níwájú ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ́fúà àti bàbá arúgbó tín-ín-rín kan tí wọ́n pè láti yunifásítì mìíràn, tó ní gíláàsì méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí. Sẹ̀kí sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa, mo rí i lójú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mo gbọ́ nínú ẹ̀ ò ju "Ìkòsì" lọ. Ó wá tẹ ẹ̀rọ.

Ohùn Àlájà jáde látinú àpótí dúdú kan, ó tóbi ju Àlájà lọ:

"Ẹni tó jí lónìí tó rí oòrùn…"

Mo pàtẹ́wọ́, mo gbè é: "Kó dúpẹ́, kó dúpẹ́, ọjà ń bọ̀ wá kún."

Ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ti èkejì, tirélà kan fọn fèrè fáàà nínú ẹ̀rọ náà, tirélà Mile 12 gan-an. Ẹ̀yin ará mi, mo fò kúrò lójú ọ̀nà! Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí n tó mú èémí mi padà, Àlájà inú àpótí ti wọ ẹsẹ̀ kẹta. Mo sáré bá a, ó ti kọjá. Mo dúró dè é, kò wá.

Ẹ̀yin elégbè mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó ń dá orin, ẹnu wa ló ń wò. Tí èémí wa bá kù, á fa ohùn gùn dè wá. Tí ara wa bá gbóná, á sáré. Á pe orúkọ ẹni tó wà níwájú ẹ̀. Àpótí ò wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Mo wá ń gbè bí ẹni tó ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò tó ti gbé ẹrù ẹ̀ lọ. Bàbá arúgbó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ojú Sẹ̀kí ti funfun.

Mo ní, "Pa á."

"Mọ́mì…"

"Mo ní pa á."

Ó pa á. Mo tú igun gèlè mi, mo na dàbínù sí i níwájú gbogbo wọn.

"Mọ́mì, ẹ má dójú tì mí níbí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ojú wo? Ojú tí wọ́n fi tú gèlè mi ní bodè? Gbà."

Ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó gbà á, ó jẹ ẹ́, ó tu kóró ẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lanu. Ohùn òyìnbó yẹn ló jáde, roboto, ó ń dán. Mo ká ọwọ́ mi gbera. Mi ò pàtẹ́wọ́, mi ò gbè. Ó kọ gbólóhùn yẹn tán, ó ń wò mí. Mo ń wò ó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tí ọmọ mi bẹ̀rù gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe fún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ́fúà dìde. Wọ́n bu omi látinú jọ́ọ̀gì tó wà níwájú wọn, wọ́n gbé e wá fúnra wọn. Wọ́n fún èmi, wọ́n fún Sẹ̀kí. A mu ún. Wọ́n padà lọ jókòó, wọ́n ká ọwọ́ lé itan, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ bá wá?"

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ Sẹ̀kí lára. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú omi, wọn ò ní kà á. Èjìká ẹ̀ wálẹ̀. Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó wá dúró níwájú mi gan-an, ojú ẹ̀ lẹ́nu mi.

"Ẹni tó jí lónìí…"

Ó ha. Ohùn náà ya bí aṣọ ògbólógbòó. Ó tì í, ọ̀fun ẹ̀ yọ, ó sì jáde: ohùn ilé wa, ohùn tó ní eruku lára, ohùn abẹ́ bẹ́ǹṣì. Kí n tó mọ̀, mo ti pàtẹ́wọ́, ẹnu mi ti gbè. Ó dúró dè mí níbi tí èémí mi ti kù. Ó pe orúkọ mi. Ó pe Àlájà Mọ̀rínátù tó wà nílé pẹ̀lú orúnkún. Ó pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹ́fúà, ó pe àwọn apẹja tó wà nísàlẹ̀ òkè, ó pe bàbá arúgbó onígíláàsì méjì, kò sẹ́ni tó kọ gbogbo ìyẹn fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn ti mú ègbè náà. Yorùbá ẹnu wọn ò dára, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ wọn dára. Lẹ́ẹ̀kan, ó gbé orin lọ síbi tí mi ò mọ̀, mo tẹ̀ lé e lọ.

Ìgbà tó parí, bàbá arúgbó bi í ní ìbéèrè títí. Mo bi Sẹ̀kí ohun tí bàbá náà ń wí. "Wọ́n ní kí ló dé tí ẹ fi tẹ̀ lé èmi tẹ́ ẹ ò lè tẹ̀ lé ẹ̀rọ." Ó dá wọn lóhùn gígùn, ọwọ́ ẹ̀ ń ṣàpèjúwe ẹnu mi, bàbá náà sì bọ́ gíláàsì méjèèjì. Wọ́n ní ká jáde. Wọ́n pè wá padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ gbólóhùn kan, Sẹ̀kí fọwọ́ bojú.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní mo yege, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n kí n lọ tún orí ìwé tó gbẹ̀yìn kọ. Wọ́n ní ohun tí àwọn rí lónìí ò sí nínú ẹ̀."

"Ìyà wo nìyẹn? O yege, wọ́n tún fún ọ níṣẹ́!"

"Iṣẹ́ tó dára ni." Ó na ọwọ́ sí mi. Kóró dàbínù náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ó ti lá a mọ́ tónítóní. "Ẹ bá mi mú un lọ fún Àlájà."

Ìkòsì

Ọjọ́ Àìkú tí mo dé, mi ò tíì tú ẹrù tí mo fi gba ọ̀dọ̀ Àlájà lọ. Wọ́n ṣì na ẹsẹ̀ síwájú. Àwọn obìnrin àsàlátù ti pé síbẹ̀. Ìyá Bàṣírù náà wá yọjú, ó ní òun gbọ́ pé mo ti di ọmọ yunifásítì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa fi "ẹ jọ̀ọ́" bá mi sọ̀rọ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo mu omi tí wọ́n bù fún mi kí n tó lanu. Ó ya gbogbo wọn lẹ́nu.

"Ta ló jẹ ẹ́?" ni Àlájà bi mí.

Mo tú gèlè mi, mo fi kóró náà lé wọn lọ́wọ́. "Sẹ̀kí ni."

Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa igun ìborùn wọn jáde, wọ́n tú kókó kan tí mo ti ń rí níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó tuntun, tí mo rò pé owó ló wà nínú ẹ̀. Kóró dàbínù kan ni. Ó ti dúdú, ọwọ́ ti mú kó dán bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Tèmi nìyẹn," ni wọ́n wí.

Wọ́n so méjèèjì pọ̀ mọ́ ìborùn, wọ́n rọra ká orúnkún wọn, wọ́n sì dá orin. Mo gbè é.